Bàtà tí Yúnúsà Yàn fún Tíṣà

Ọjọ́ Ẹtì ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ́ọ̀ tán, Yúnúsà sì ń fi ewé tútù bo obì nínú agbọ̀n ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì yíjú padà tó ti mọ ẹni tó ni ín. Ohùn yẹn ló fi ọdún márùn-ún kọ́ ọ ní ìṣirò.

"Yúnúsà, ìwọ náà ti ń hu ewú."

Yúnúsà dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú àtijọ́, sà."

Tíṣà Ilésanmí rẹ́rìn-ín, ó ní kó dìde. Ọdún mẹ́ta ti kọjá tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́nnẹ́ lòun àti ìyàwó rẹ̀, Àtinúkẹ́, ń gbé. Ó ti rù ju bí Yúnúsà ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Yúnúsà gbé àga fún un.

"Dókítà ní ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi," ni Tíṣà wí. "Ó ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Mo gbìyànjú ìrìn, ó sú mi. Mo wá ń rí ẹ̀yin tí ẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé mi láràárọ̀ Sátidé, mo rí ìwọ náà láàárín wọn. Mo sọ fún Ọmọ́túndé, ọmọ mi tó wà ní Kánádà. Ọmọ yẹn kì í fi nǹkan falẹ̀, ó ti fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́dà."

"Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn, sà. Oníkálukú ló ń yan pẹ́dà àti bàtà tó bá fẹ́."

"Ohun tí Ọmọ́túndé wí náà nìyẹn. Ó ní kí n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní mo ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Ṣàgámù."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Yúnúsà lára. Nígbà tó wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, bàbá rẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀ pé kó máa bá obì lọ sí Kánò. Tíṣà ló wọkọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, tó jókòó ti bàbá náà lórí ẹní, tó ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kàwé rẹ̀ tán, obì ò ní sá lọ." Yúnúsà kàwé rẹ̀ tán. Obì ò sì sá lọ lóòótọ́.

"Mo ní bàtà kánfáàsì kan nílé," ni Tíṣà tún wí. "Ṣé ìyẹn ò tó?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ó tó. Pẹ́dà pẹlẹbẹ àti bàtà kánfáàsì, kí ẹsẹ̀ lè máa kúrò nígbà tó bá wù ú: bí Yúnúsà fúnra rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú Ọládiméjì ló wá sí i lọ́kàn. Ọládiméjì ni olórí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tí kò sí ohun tó wọ̀ tí kò bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mu. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan láti Likosi wá bá wọn gun kẹ̀kẹ́ tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Ọládiméjì ya fọ́tò ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó gbé e sórí Wásáàpù ẹgbẹ́, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Yúnúsà náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò padà wá mọ́.

Yúnúsà sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n fi Tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ìdajì tó kù ni pé kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló mú bàbá onísálúbàtà mìíràn wá.

"Kò tó, sà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ra èyí tó dáa."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n jọ lọ sí Sábó, sí ṣọ́ọ̀bù Bẹ̀llò, ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ àti gbogbo ohun tó jẹ mọ́ kẹ̀kẹ́. Bẹ̀llò kó pẹ́dà oríṣi méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó ní eyín wẹ́wẹ́ tó ń di abẹ́ bàtà mú. Ìkejì kéré bí ẹyin adìyẹ, ó ní ẹnu, ó sì ní sípíríǹgì lẹ́yìn. Ó mú bàtà tó bá èyí kejì lọ jáde: abẹ́ rẹ̀ le bí pákó, wọ́n sì fi síkúrù kan irin kékeré mọ́ ọn, èyí tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń pè ní kílíìtì.

"Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, sà, á dún kẹ́," ni Bẹ̀llò wí. "Ẹnu pẹ́dà ti gbá bàtà mú nìyẹn. Ẹsẹ̀ ò ní yọ̀, gbogbo agbára yín ló máa wọnú kẹ̀kẹ́."

"Bí mo bá wá fẹ́ sọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ó yí gìgísẹ̀ síta, báyìí."

Tíṣà gbé pẹ́dà pẹlẹbẹ sọ́wọ́, ó yí i po. "Èyí ló yé mi."

"Sà, àwọn ọmọdé ló ń lo ìyẹn," ni Yúnúsà wí. "Àwa tí à ń lọ jìnnà, èyí tó ń gbá bàtà mú la ń lò."

"Ṣé kò sí ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ yín tó ń lo pẹlẹbẹ?"

"Kò sí, sà."

Òótọ́ ni. Ìdí tí kò fi sí ni Yúnúsà kò sọ.

Tíṣà jókòó, ó wọ bàtà náà. Bẹ̀llò bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi ọmọńdinrín. "Ṣé kò fún yín níbí?"

"Mi ò lè sọ. Láti bí ọdún kan báyìí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi a máa kú. Nígbà mìíràn mi ò ní mọ̀ bóyá mo wọ sálúbàtà tàbí mi ò wọ̀ ọ́."

Bẹ̀llò gbójú sókè, ó wo Yúnúsà. "Ṣé o gbọ́? Ẹni tí ẹsẹ̀ ń kú fún…"

"Á mọ́ wọn lára," ni Yúnúsà já lu ọ̀rọ̀ náà.

Bẹ̀llò dojú pẹ́dà kọ Yúnúsà, ó fi síkúrù kékeré kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn án. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tú èyí. Bó ṣe wà yìí, ó le. Yí i sẹ́yìn títí sípíríǹgì á fi dẹ̀, kí ẹsẹ̀ bàbá lè tètè jáde. Má gbàgbé o."

"Mo ti gbọ́. Mo máa ṣe é."

Tíṣà ti ń fa àpamọ́wọ́ yọ. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, Yúnúsà. Èyí tí o bá ní kí n mú ni mo máa mú."

Lọ́jọ́ kejì, Yúnúsà lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ó so pẹ́dà mọ́ kẹ̀kẹ́. Ó ní kí Tíṣà fọwọ́ ti ògiri, kó máa ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó máa yọ ọ́. Títì bọ̀ ọ́ kò ṣòro. Yíyọ ló fa wàhálà. Tíṣà á yí gìgísẹ̀, ojú rẹ̀ á le, á tún yí i, kó tó jáde. Ó ń làágùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ lúwẹ̀ẹ́. Yúnúsà wá irin kékeré tí wọ́n fi ń tú síkúrù náà nínú àpò rẹ̀, kò rí i. Ó ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ tó ń gbé obì dé, kò lè kúrò ní ìsọ̀.

Nígbà tó di Sátidé, àwọn mẹ́jọ ni wọ́n dúró de Tíṣà níwájú ilé rẹ̀. Ó jáde tòun ti akoto lórí àti bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Ọládiméjì wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin gan-an lẹ múra, sà!" Ara Yúnúsà yá gágá. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dé Ìpẹ̀rú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dúró mu omi, ibẹ̀ náà ni Tíṣà ti fẹ́ sọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó jáde. Yúnúsà ló dì í mú. Yúnúsà fọwọ́ kan àpò rẹ̀: irin náà wà níbẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó máa fi tú u. Ṣùgbọ́n Ọládiméjì ti ń súfèé pé ká máa lọ, àwọn mìíràn ti gorí kẹ̀kẹ́, ó sì ti yé Yúnúsà bó ṣe máa rí bí gbogbo wọn bá dúró kí òun bẹ̀rẹ̀ sídìí kẹ̀kẹ́ bàbá kan láàárín títì. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Tí a bá dé Ìpara, màá tú u."

Wọn ò dé Ìpara. Bí wọ́n ṣe wọ Òde Rẹ́mọ, ọkọ̀ kan tó ru pákó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ sójú títì. Gbogbo wọn tẹ búréèkì. Ẹsẹ̀ àwọn yòókù jáde, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Tíṣà náà dúró. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró gbọn-in fún ìgbà díẹ̀, Yúnúsà sì ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ń yí, tó tún yí, tí kò jáde. Tíṣà kò pariwo. Ó kàn wo Yúnúsà bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, ó sì wó sí apá òsì bí igi, tòun ti kẹ̀kẹ́. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan etí gọ́tà. Ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yà bàrá, táyà rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí orí rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ níbẹ̀ náà, ẹsẹ̀ kò jáde. Yúnúsà kúnlẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ yọ kúrò nínú bàtà, ó sì fi bàtà sílẹ̀ lẹ́nu pẹ́dà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò egungun. Èyí tó wà láàárín ọrùn àti èjìká ti ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan bọ́ ibọ̀sẹ̀ Tíṣà, ó sì pe dókítà. Bàtà ti bó ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹran, ẹ̀jẹ̀ ti rin ibọ̀sẹ̀ gbingbin, Tíṣà kò sì mọ̀ rárá. Dókítà mi orí. Ó ní egungun á jinná, ṣùgbọ́n egbò ẹsẹ̀ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe ohun tí à ń fojú kéré. Ó ní wọ́n ti gé ẹsẹ̀ èèyàn rí lórí ohun tí kò tó o.

Àtinúkẹ́ dé, gèlè ò dúró lórí rẹ̀. Ó gbé bàtà náà sókè, ó wo irin abẹ́ rẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ wọ irú èyí?"

Yúnúsà la ẹnu.

"Èmi ni mo yàn án," ni Tíṣà wí láti orí ibùsùn. "Má wulẹ̀ wo ọmọ yìí. Ó kọ́ mi dáadáa. Èmi ni mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yí ẹsẹ̀. Ọjọ́ ogbó ni."

Yúnúsà pa ẹnu dé. Irin kékeré yẹn ń gún un nítan látinú àpò. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ méjì-méjì ló ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Á ra ẹ̀fọ́, á ra ẹja, á bá wọn bu omi sí ike. Bí àlejò bá wá kí Tíṣà, Tíṣà á nawọ́ sí i: "Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi rèé. Òun ló gbé mi kúrò lójú títì." Àlejò á súre fún Yúnúsà. Gbogbo àdúrà tí wọ́n ń gbà fún un dà bí ẹ̀gún lára rẹ̀. Lórí Wásáàpù, Ọládiméjì kọ ọ́ pé láti òní lọ, ká má mú àgbàlagbà wá sínú ẹgbẹ́ mọ́, wọn ò lè kọ́ nǹkan tuntun. Yúnúsà kà á, kò fèsì.

Oúnjẹ ò wù ú mọ́. Ìyàwó rẹ̀, Aishat, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bi í léèrè. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bàtà kánfáàsì dé orí irin inú àpò. Aishat ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, kò gbójú sókè.

"Ṣé Tíṣà alára ti gbọ́ ọ?"

"Rárá."

"Èmi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe é nígbà náà. Kì í ṣe èmi lẹ ṣẹ̀."

Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kó tó lọ jẹ́wọ́. Àtinúkẹ́ ń fọ egbò ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi òwú nu ún díẹ̀díẹ̀. Yúnúsà kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá, kó má baà yí ọkàn padà. Ó ní ó yẹ kí òun jẹ́ kí wọ́n ra pẹ́dà pẹlẹbẹ. Ó ní òun gbọ́ pé ẹsẹ̀ wọn ń kú, òun ò fẹ́ gbọ́ ni. Ó ní Bẹ̀llò kìlọ̀ fún òun kí òun dẹ sípíríǹgì, òun ò dẹ̀ ẹ́, irin náà wà lápò òun ní Ìpẹ̀rú.

"Kì í ṣe pé ẹ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yí ẹsẹ̀, sà. Kò sí bó ṣe lè jáde."

Ọwọ́ Àtinúkẹ́ dúró. Tíṣà wo Yúnúsà títí.

"Kí ló dé tí o kò jẹ́ kí n mú èyí tó yé mi?"

"Ojú ló ń tì mí, sà."

"Torí mi?"

Yúnúsà tẹ orí ba. "Mo rò pé wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n wá sọ pé èmi ni mo mú yín wá."

Adìyẹ kan gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó lé e. Nígbà tí Tíṣà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé Yúnúsà ní láti sún mọ́ ọn.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó síbí yìí, tí mò ń sọ fún ara mi pé ọpọlọ mi ti gbó. Pé èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mi ò lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹsẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Mo ti sọ fún Ọmọ́túndé kó má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ìwọ ń wá, ò ń jókòó sórí àga yẹn, ò ń gbọ́ mi, o sì jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀. Ti egungun ò dùn mí tó ìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ foríjì mí."

"Máa lọ sílé, Yúnúsà."

Àtinúkẹ́ ti padà sí ìdí egbò. Ó ní láìwo ẹ̀yìn, "Má gbé ẹja wá mọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Yúnúsà kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́. Ó kọ ọ́ pé Tíṣà mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ, pé òun ni òun ba nǹkan jẹ́. Ó tún kọ ọ́ pé ẹ̀rín tí àwọn fi ọkùnrin Likosi yẹn rín ò dáa, òun náà wà níbẹ̀. Kareemat, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ẹgbẹ́, ló wá kọ ọ́ pé irú pẹ́dà yẹn ti gbé òun náà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, òun fi pa mọ́ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin méjì mìíràn jẹ́wọ́. Ọládiméjì kò sọ nǹkan kan.

Ọyẹ́ wá, ọyẹ́ lọ. Yúnúsà á gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu bodè Ìkẹ́nnẹ́, á sì yí padà, kò lè kọjá níwájú ilé yẹn. Ẹnu àwọn èèyàn ló ti gbọ́ pé egbò ẹsẹ̀ ti jinná, pé wọn ò gé nǹkan kan. Ó wólẹ̀ ní ìsọ̀ obì rẹ̀, ó forí kanlẹ̀ dúpẹ́.

Nínú oṣù Kejì ni fóònù rẹ̀ dún.

"Kẹ̀kẹ́ mi ṣì ń gba àyè nínú yàrá," ni Tíṣà wí, kò kí i. "Wá tú irin tí o so mọ́ ọn."

Yúnúsà gba Sábó lọ, ó ra pẹ́dà pẹlẹbẹ lọ́wọ́ Bẹ̀llò. Nígbà tó dé Ìkẹ́nnẹ́, Àtinúkẹ́ jẹ́ ìkíni rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Tíṣà gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Bàtà tó fẹ̀, tó sì rọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èyí tí dókítà ní kó máa wọ̀. Yúnúsà tú pẹ́dà ọ̀tún. Nígbà tó dé ti òsì, ó yí sípánà sódìkejì.

"Dúró," ni Tíṣà wí. "Kí ló dé tí ìyẹn fi ń yí sódì?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, sà. Tó bá jẹ́ bákan náà ni wọ́n yí méjèèjì, bí ẹ bá ṣe ń gùn ún, ti òsì á máa tú fúnra rẹ̀."

Tíṣà gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí apá pẹ́dà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ló fi ìka ya òbírí méjì sórí eruku ilẹ̀, ó fi ọfà sí wọn, ó sì ṣàlàyé ohun náà fún Yúnúsà yékéyéké ju bí ẹnikẹ́ni ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un rí lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló so pẹ́dà òsì mọ́ ọn. Yúnúsà ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Sà, nípa ọjọ́ yẹn…"

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí o sọ ọ́."

Tíṣà gorí kẹ̀kẹ́. Ó yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde sí títì. Yúnúsà sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó dúró síbẹ̀ títí tó fi rí akoto náà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà tẹ búréèkì, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀, ó fi ti òsì tẹlẹ̀. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Lọ́jọ́rú, mo fẹ́ dé Ìlíṣàn."

"Ṣé kí n wá bá yín lọ, sà?"

Tíṣà ń tú okùn akoto. Àtinúkẹ́ ló dáhùn láti ojú fèrèsé.

"Kó pè mí lórí fóònù ná kó tó wá. Èmi ni mo máa sọ bóyá mo fẹ́ rí i."

"Ẹ ṣé, mà," ni Yúnúsà wí. Ó ṣa irin àti sípánà rẹ̀ nílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ó sì mú ọ̀nà Ṣàgámù pọ̀n.